Olè Kì í Padà Wá Dúpẹ́

Àwọn tí kò mọ Àpèkẹ́ dáadáa máa ń sọ pé ó máa ń tètè bínú. Wọ́n parọ́ mọ́ ọn. Kì í tètè bínú rárá; kì í kàn tètè ṣíwọ́ ni. Ìbínú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974, nígbà tí onílé kan ní Plumstead wò ó lójú tó ní yàrá tí òun fẹ́ fi háyà ti lọ, tí pátákó "yàrá wà" sì ń bẹ lójú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀, ìbínú yẹn ṣì wà digbí ní 1991. Ó ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú aṣọ òkè ìyá rẹ̀: ó máa ń yọ ọ́ síta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á sì ká a padà. Ọkọ rẹ̀, Ọládèjì, tó ń wa bọ́ọ̀sì láàárín Woolwich àti Thamesmead, onísùúrù èèyàn ni. Ó ní iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ló kọ́ òun ní sùúrù: bí èrò bá ń pariwo lẹ́yìn, ìwọ ṣáà máa wo iwájú.

Ìdànrè ni wọ́n bí Àpèkẹ́ sí, ìlú tí òkè àpáta jókòó yí ká bí àwọn àgbà tó fẹ́ dá ẹjọ́. Ìyá ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó gbé orí òkè náà gan-an kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Títí tí màmá yẹn fi kú, bó bá fẹ́ bú èèyàn, "ará ìsàlẹ̀" ló máa ń pè é. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá dàgbà, ó rékọjá òkun, ìjọba ìbílẹ̀ sì fún un ní fúláàtì ní Thamesmead. Ẹni tí kò bá tíì rí ibi tó tẹ́ rí láyé rẹ̀, kó lọ sí Thamesmead. Orí àbàtà ni wọ́n kọ́ ọ sí. Bí ajá rẹ bá sá kúrò nílé níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wàá ṣì máa rí ìrù rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Yàtọ̀ sí afárá mọ́tò tó gba orí ojú irin kọjá ní Abbey Wood, òkè kan ṣoṣo tí Àpèkẹ́ ní ládùúgbò náà ni àtẹ̀gùn ilé wọn, àjà kẹfà, èyí tí ẹ̀rọ agbénigòkè máa ń yọ̀ǹda fún wọn láti fẹsẹ̀ gùn bí ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe, lábẹ́ ilé iṣẹ́ kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Woolwich. Láti agogo méje àárọ̀ ló ti ń lọ láti ilé dé ilé. Ó ń jí wọn, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóògùn, ó sì ń gbọ́ ìtàn ogun Hítílà lẹ́nu èèyàn márùn-ún lójúmọ́, ìtàn márùn-ún tí kò bára mu. Nínú gbogbo wọn, Miss Tarrant nìkan ni kì í bínú sí. Ìyẹn ni pé kì í bínú sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Miss Tarrant ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Nígbà ogun, ó ń rọ ẹ̀tù sínú ọta àgbá ní Arsenal, ilé iṣẹ́ ìbọn ńlá tó wà létí odò ní Woolwich. Láti ìgbà náà ni kì í ti í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ ti kọ́ ọ pé kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ẹnìkejì, a ní láti jù ú ni.

Àwòrán kan wà lára ògiri ilé ìdáná rẹ̀. Kò fẹ̀ ju tíréè tí wọ́n fi ń gbé tíì lọ, inú férémù aláwọ̀ wúrà tó ti ń bó ló wà. Òkè mẹ́ta ni wọ́n kùn síbẹ̀, òkè abúlé ilẹ̀ Faransé, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, pẹ̀lú koríko gbígbẹ àti ojú ọ̀run tó rẹlẹ̀, àti ọ̀nà tín-ín-rín kan tó ń gòkè lọ. Lórí ọ̀nà náà ni obìnrin kan wà tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Ó wé gèlè pupa, ó ru igi ìdáná. Orúkọ ẹni tó kùn ún ti di ìlà játijàti ní igun ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lẹ bébà pélébé kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, èdè Faransé ló wà lára rẹ̀, àti ọdún: 1867. Bàbá Miss Tarrant, tó ṣe sọ́jà, ló gbé e bọ̀ láti ogun àkọ́kọ́. Ó ní òun rà á ni. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé ṣọ́ọ̀bù wo, nítorí nínú ìlú tó dárúkọ, àgbá kò ṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kankan kù.

Lọ́jọ́ tí Àpèkẹ́ kọ́kọ́ rí i, ó bú u.

"Òkè wo rèé, Màmá? Òkè tí kò ní àpáta! Bí ẹni da èlùbọ́ sórí ẹní."

Miss Tarrant ní ṣé òkè tiwọn nílé lẹ́wà ju èyí lọ ni. Àpèkẹ́ ní ọ̀rọ̀ ẹwà kọ́. Òkè Ìdànrè, béèyàn bá ṣubú níbẹ̀, á mọ̀ pé òun ṣubú.

Ṣùgbọ́n obìnrin onígèlè pupa yẹn kò jẹ́ kó sinmi. Igi ló rù, òkè ló ń gùn, kò sì sẹ́ni tó ń ràn án lọ́wọ́: Àpèkẹ́ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Fún ọdún méjì, láràárọ̀, bí ọ́ọ̀tì bá ti wà lórí iná, á lọ dúró síwájú àwòrán náà, á fọwọ́ lé ìbàdí.

"Màmá, obìnrin yìí ò tíì débẹ̀ o."

"Ó ń sinmi ni," Miss Tarrant á jù ú sí i láti orí àga.

"Láti 1867?"

"Igi yẹn wúwo."

Oṣù kejì 1991 lọ̀rọ̀ dé, ọ̀sẹ̀ tí yìnyín bo London mọ́lẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Miss Tarrant wà ní Kent, Gerald lorúkọ rẹ̀, ẹbí kan ṣoṣo tó kù fún un. Ó pinnu pé kí àǹtí òun kó lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó kan lẹ́yìn Harrow Manorway. Èyí kò burú, nítorí Miss Tarrant ti gbàgbé láti pa iná gáàsì lẹ́ẹ̀mejì, iyè rẹ̀ sì ti ń lọ tó ń bọ̀ bí iná mànàmáná Èkó. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, iná wà. Ó tọ́ka sí ògiri.

"Gbé e lọ sílé rẹ. Ìwọ nìkan lo máa ń wò ó."

"Háà, Màmá, rárá o. Ó ti pọ̀ jù."

"Ó dáa nígbà náà," ni Miss Tarrant wí, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀.

Àpèkẹ́ wá rí àṣìṣe rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹni tí wọ́n bá fún ní nǹkan gidi gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ó tún dáa, kí wọ́n má baà rò pé ojú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Olóore á rọ̀ ọ́, á tún rọ̀ ọ́, òun náà á wá gbà á bí ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a. Òyìnbó ò mọ ìyẹn. Bó o bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan fún Òyìnbó, ó parí, á gbé e padà sórí pẹpẹ.

"Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní dandan ni, Màmá," ó sáré sọ ọ́, "mi ò ní lè já yín kulẹ̀."

"Dandan ni," Miss Tarrant wí. Àpèkẹ́ sì gbà á.

Ó mọ̀ pé òfin wà. Ó wà lójú ewé kọkànlá ìwé tí gbogbo òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí tí ẹnikẹ́ni ò kà: òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bùn tó ju páálí ṣokoléètì kan lọ. Èrò rẹ̀ ni pé bó bá di ọjọ́ Ajé, òun á lọ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í dúró de ọ́fíìsì. Ọmọlúàbí kì í sì í dá nìkan dúpẹ́ oore ńlá; ó máa ń kó èèyàn lẹ́yìn ni, á ní "ẹ bá mi dúpẹ́", kí olóore lè mọ̀ pé oore òun ti détí aráyé. Bàbá Àpèkẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé láti kékeré: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Àìkú, bí ìsìn ti parí nínú gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ Aládùúrà wọn ń yá lò ní Abbey Wood, ó mú èèyàn méjì. Ọ̀kan ni Wòlíì Amos, tó ń rí ìran lọ́jọ́ Àìkú tó sì ń wa takisí láàárín ọ̀sẹ̀. Èkejì ni Mojọláolúwa, nọ́ọ̀sì, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí tó sì jù ú lọ lẹ́nu. Takisí Wòlíì ni wọ́n bá lọ, tàwọn ti sùtánà funfun lọ́rùn. Ẹni tó bá sì wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Òjò ìbáà rọ̀, yìnyín ìbáà já bọ́, òfin Ọlọ́run ò mọ ojú ọjọ́. Láti ibi tí mọ́tò dúró sí dé ẹnu ọ̀nà Miss Tarrant, ẹsẹ̀ bàtà ogún ni, yìnyín sì ga dé ọrùn ẹsẹ̀.

Miss Tarrant ṣílẹ̀kùn. Ó rí èèyàn mẹ́ta nínú aṣọ funfun nínú ayé tó funfun báláú. Ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó sì béèrè bóyá àyè wà fún òun láti lọ mú kóòtù òun.

"Màmá, èmi ni," Àpèkẹ́ wí. "A wá dúpẹ́ ni."

Ìgbà yẹn ló rí ẹsẹ̀ wọn. Ariwo tó pa, wọ́n gbọ́ ọ nínú Arsenal. "Ẹsẹ̀ yín! Ṣé orí yín dàrú ni?" Obìnrin tó máa ń ṣòro fún láti dìde lórí àga ló gbé kẹ́tù kaná fúnra rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ basíà omi gbígbóná, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ìka ẹsẹ̀ wọn bí ẹni ń ka ọta. Wòlíì Amos, tó ti wẹ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ, tí ẹnikẹ́ni ò wẹ tirẹ̀ rí, ń wo àjà. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti bọ́, Miss Tarrant sì fi tó gbogbo ilé létí. Ó lọ mú bàtà ilé bàbá rẹ̀ tó ti kú wá fún un. Wòlíì ò lè wọ̀ ọ́ nítorí sùtánà, kò sì lè kọ̀ ọ́ nítorí ọ̀wọ̀, ló bá dì í mú sí àyà bí Bíbélì. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ.

Ẹnìkan ṣí kọ́tìnì ní òdìkejì títì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Gerald ti gbọ́ ní Kent pé àwọn aláwọ̀ dúdú mẹ́ta aláṣọ funfun, tí wọn ò wọ bàtà, ti wọ ilé àǹtí òun.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ́fíìsì ò ṣí nítorí yìnyín. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Gerald dé láti kó ẹrù, ó sì bá ibi tó mọ́ gbòò lára ògiri ilé ìdáná, ìwọ̀n tíréè tíì kan. Láti kékeré ni Gerald ti ń pe àwòrán yẹn ní ìgbẹ́ màlúù. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ọkùnrin kan tó mọ̀ nípa àwòrán àtijọ́ ti bá a wo inú ilé náà, ó sì ti sọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má ṣe gbé èyí láìjẹ́ pé òun mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ òkè ti wọ Gerald lára.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n pe Àpèkẹ́ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá rẹ̀, Mrs Doyle, onínúure èèyàn ni, ìyẹn gan-an ló sì burú. Ó máa ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá fẹ́ gún èèyàn lọ́bẹ.

"Kò sẹ́ni tó pè ọ́ lólè, Àpèkẹ́."

"Kí lẹ wá ń pè mí?"

"Nǹkan méjì ló sọnù. Àwòrán kan, àti bàtà ilé ọkùnrin."

"Kò sọnù. Màmá ló fún wa. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n gbà á láìsọ fún yín, ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ tìlẹ̀kùn. Ẹ bi Màmá wò."

"A ti bi í." Orí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. "Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Àpèkẹ́ ṣírò ó. Ọdún méjì. Ọ́ọ̀tì ọdún méjì.

"Bó o bá dá a padà kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè," Mrs Doyle ń bá a lọ, "a ò ní kọ nǹkan kan sínú fáìlì rẹ, Gerald náà ò sì ní pe ọlọ́pàá. Jẹ́ kó padà jẹ́jẹ́, kó parí síbẹ̀."

"Ẹ gbọ́ mi, madam. Olè tó jí nǹkan lọ́jọ́ Fúráìdè, ṣé òun náà ló wá wọ mọ́tò padà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tó kó wòlíì àti nọ́ọ̀sì lẹ́yìn, tó kúnlẹ̀ fún ẹni tó jà lólè, tó ní ẹ ṣeun? Irú olè wo nìyẹn? Ibo lẹ ti rí i rí?"

"Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba àwọn aládùúgbò."

Àpèkẹ́ dìde kó má baà sọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Nílé, Ọládèjì jókòó lábẹ́ òkè mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ fi ìṣó kọ́ sára kọnkéré, ó ń jẹun.

"Mọ́mì Tósìn, dá a padà fún wọn jàre. Òkè ni. A ní òkè nílé."

"Dádì Tósìn, bí mo bá dá a padà jẹ́jẹ́, mo jí i nìyẹn. Ẹni tó ni nǹkan kì í dá a padà jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì kọ 'olè' síwájú orúkọ mi, ilẹ̀kùn arúgbó wo ló máa ṣí fún mi ní London yìí? Ta ló máa fún mi ní kọ́kọ́rọ́?"

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ bínú."

"Ìyẹn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀," Ọládèjì wí, ó sì wo iwájú.

Wòlíì Amos ní tirẹ̀ sọ lórí tẹlifóònù pé kí wọ́n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

"Ọlọ́run kọ́ ni wọ́n pè lólè, Wòlíì."

"Wọ́n pe èmi náà, Ìyá Tósìn. Ní ti bàtà." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Bàtà tí mi ò tíì wọ̀ rí!"

Àpèkẹ́ kò sùn dáadáa lóru yẹn, kì í ṣe pé ó ń sunkún. Nígbà tó dìde, ó pe Mrs Doyle. Ó ní òun á dá a padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọ́fíìsì, kì í sì í ṣe fún Gerald. Ọwọ́ Miss Tarrant lòun ti gbà á, ọwọ́ rẹ̀ lòun á dá a padà sí, lójú gbogbo èèyàn, ní ilé ìtọ́jú arúgbó náà, ọjọ́ Àìkú, agogo méjì. Kí Gerald wà níbẹ̀. Kí Mrs Doyle wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò. Bí Miss Tarrant bá ní ẹ̀bùn kọ́, kí wọ́n pe ọlọ́pàá, òun á nawọ́ sí wọn. Mrs Doyle ní ó dáa, nítorí ẹni tó ń gbọ́ ohùn Àpèkẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í sọ nǹkan míì.

Mojọláolúwa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún un. "Auntie, irú àìsàn yìí, ẹ ò lè mọ ọjọ́ tó máa mọ̀ yín. Bó bá wò yín tó ní ta nìyí ńkọ́?"

"Kó wò mí ná."

Wọ́n débẹ̀ ní agogo méjì. Yìnyín ti yọ́, ẹrọ̀fọ̀ tútù ló kù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá tààrà láti ṣọ́ọ̀ṣì, sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, Wòlíì Amos pẹ̀lú bàtà ilé lọ́wọ́ méjèèjì. Gerald ti wà nínú yàrá náà, ó wọ bàtà tó ń dán. Ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé eré àwọn aláwàdà ti dé ìlú. Mrs Doyle tẹ orí. Miss Tarrant jókòó sójú fèrèsé nínú àga tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ti fọn díẹ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Àpèkẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé àwòrán náà lé e nítan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí. Ta ló fún mi ní èyí?"

Miss Tarrant wo ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó wò ó bí ẹni ń wo fèrèsé bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lọ.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ta nìyí?"

"Ṣé ẹ rí i," ni Gerald wí.

Nǹkan kan wó lulẹ̀ nínú Àpèkẹ́. Ó ti múra ìbínú sílẹ̀ fún Gerald, ó ti múra rẹ̀ sílẹ̀ fún Mrs Doyle, ṣùgbọ́n kò múra kankan sílẹ̀ fún èyí. Ó dìde dúró pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

Bó ti dìde, sùtánà rẹ̀ gbéra sókè díẹ̀. Ojú Miss Tarrant lọ sílẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Àpèkẹ́, ó wo ti Mojọláolúwa, ó wo ti Wòlíì, ó dé orí àtàǹpàkò tí kò léèékánná. Àwọn arúgbó mẹ́rin tó ń sùn ní yàrá kejì ló jí.

"Ẹ tún ti ṣe é! Ẹsẹ̀ lásán! Mo ní kí ọkùnrin yìí wọ bàtà bàbá mi, ó gbé e dání bí adìyẹ! Basíà dà? Ẹnìkan gbé kẹ́tù kaná!" Ó wo orí itan rẹ̀, ó rí òkè mẹ́ta. "Kí lẹ gbé èyí wá síbí ṣe? Mo ti ní kí ẹ gbé e lọ. Ṣé ògiri yín ò gbà á ni?"

"Àǹtí," Gerald wí, "ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ."

"Ìwọ ni mo mọ̀ dáadáa. Ìwọ lo gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn. O ní ìgbẹ́ màlúù ni."

Àpèkẹ́ yíjú sí Mrs Doyle.

"Bírò yín dà? Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ pé Àpèkẹ́ kò jí nǹkan kan."

"Mo rò pé gbogbo wa ti gbọ́ pé èdèkòyédè díẹ̀ ló..."

"Kọ ọ́." Ọ̀wọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Kọ wòlíì náà mọ́ ọn, àti bàtà. Kọ déètì. Fọwọ́ sí i."

Mrs Doyle kọ ọ́. Àpèkẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sáàárín Bíbélì, ó pa Bíbélì dé. Ìgbà yẹn ló tó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá òun lè máa gbé àwòrán òun lọ.

Orí Mrs Doyle tẹ̀ dé ibi tí kò tẹ̀ dé rí. "Ó dùn mí gan-an, Àpèkẹ́, ṣùgbọ́n òfin ṣì lòfin. Òṣìṣẹ́ wa kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bùn. Ọwọ́ ẹbí ló máa wà."

Gerald rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Òṣìṣẹ́ yín?" Àpèkẹ́ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú káàdì iṣẹ́ rẹ̀ jáde, èyí tí fọ́tò ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀ níbi tó ti ń bínú sí oníkámẹ́rà, ó gbé e lé ìwé tó wà nítan Mrs Doyle. "Òní, aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ẹ wá kọ ìyẹn náà. Àlejò ni mí báyìí." Ó kúnlẹ̀ padà. "Màmá, ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

"Gbé e lọ sílé, mo ní! Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Àpèkẹ́ kò kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan; ó dúpẹ́, ó sì gbà á.

"Màá pe lọ́yà," Gerald wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Pè é, sà. Bó bá sì dé, kó bá wa béèrè rìsíìtì tí bàbá àgbà yín gbà nígbà tó rà á ní Faransé."

Gerald wo bàtà rẹ̀ tó ń dán.

Wòlíì ti ṣílẹ̀kùn takisí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú Àpèkẹ́ pọ̀ ju ohun tí mọ́tò kékeré lè gbà lọ. Ó wé gèlè rẹ̀ ní òṣùká, ó gbé àwòrán náà karí, ó sì forí lé Harrow Manorway pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán nínú òtútù. Wòlíì ń rọra wa mọ́tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ láti ojú fèrèsé: "Ìyá Tósìn, ẹ wọlé! Ẹsẹ̀ yín!" Nígbà tó dé orí afárá ojú irin, bọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Ọládèjì ni.

"Mọ́mì Tósìn, wọlé."

"Mi ò wọlé."

"Ṣé o ti dá a padà?"

"Ojú rẹ fọ́ ni? Kí lo rí lórí mi?"

"Ṣé iṣẹ́ ṣì wà?"

"Kò sí. Máa wa bọ́ọ̀sì rẹ lọ."

Èrò ogójì ń wò wọ́n. Ọládèjì ti ilẹ̀kùn, ó wo iwájú. Àpèkẹ́ ń gun afárá náà lọ díẹ̀díẹ̀, òkè mẹ́ta lórí rẹ̀, ó ń bú Gerald, ó ń bú Mrs Doyle, ó bú onílé Plumstead 1974 náà mọ́ wọn, nítorí pé àyè wà.

Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí kì í gba oore lánàá kó má padà wá ní àárọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, kó tó lọ wá iṣẹ́ míì kiri, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú arúgbó náà ní aago méje ààbọ̀. Ó wọ kóòtù, ó wọ bàtà onílẹ́ẹ̀sì, nítorí kò wọ sùtánà. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà béèrè bóyá ó gbàgbé nǹkan ni.

"Rárá. Mo wá dúpẹ́ àná."

"Ẹ ti dúpẹ́ lánàá."

"Ìyẹn ti àná," Àpèkẹ́ wí, ó sì kọjá lára rẹ̀.

Miss Tarrant jókòó sójú fèrèsé. Ó gbé ojú sókè, ó wò ó pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń wo àjèjì. "Ẹ má bínú, ta nìyí?"

Àpèkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ọ̀tún kọ́kọ́, kó tó kan òsì.